Ojú Ta Ni Ó Wà Lára Igi: Ìtàn Ẹgbẹ́ Òṣèré Àwọn Obìnrin Dúdú Kan ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹni tí ó bá ń ti Pọ́bẹ̀ bọ̀ wá sí Adja-Ouèrè, ní ilẹ̀ Benin, lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí àgbàdo ti wọ àká, tí erùpẹ̀ dúdú ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí sì ti gbẹ tí ó là bí àtẹ́lẹsẹ̀ arúgbó, bí ilẹ̀ bá ṣú bá a lójú ọ̀nà, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ìlù; bí ó bá sì fi etí tọ ìlù náà, yóò bá gbogbo abúlé nínú ọjà, tọmọdé tàgbà, tọkùnrin tobìnrin, tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń retí ẹnì kan ṣoṣo tí yóò ti inú òkùnkùn jáde wá bá wọn sọ̀rọ̀. Òru Ẹ̀fẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tó sọ lójú ọ̀sán, ẹnu Ẹ̀fẹ̀ ni yóò gbà jáde: yóò júbà àwọn ìyá, àwọn àgbà obìnrin tí wọ́n ni òru, àwọn ẹlẹ́yẹ, ọlọ́mọ yọyọ bí omi òjò, ìgbà tí ó bá júbà tán ni yóò wá kọjú sí ẹni tí ó jẹ owó àjọ àti baálé tí ó sọ ìyàwó di ìlù, yóò sì fi orin tú wọn wò lójú ará àti ojúlùmọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, tí oòrùn bá yẹ àtàrí, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yóò jáde ní méjì-méjì, gèlè gíga lórí igi, ọmú igi láyà, ìdí bẹ̀ǹbẹ̀ lábẹ́ aṣọ, ṣaworo ń dún lẹ́sẹ̀, àwọn obìnrin ọjà yóò sì máa wò ó bí ẹni tí ń wo ara rẹ̀ nínú dígí.

Kétu, tí kò jìnnà sí wa, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń sọ ìtàn Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fi ṣe orísun rẹ̀. Àjọ UNESCO kéde rẹ̀ ní ọdún 2001 pé ó wà lára ohun iyebíye tí ọmọ aráyé jogún láti ẹnu àwọn tí ó ṣáájú wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ wọn ní 2008, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò lápapọ̀. Ìyálàṣẹ ni olórí ẹgbẹ́. Bí òun kò bá fọwọ́ sí i, ìlù kì í dún. Síbẹ̀, ọkùnrin ni ó ń gbẹ́ igi náà, ọkùnrin ni ó sì ń gbé e jó. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo bi ìyá tí ó bí ìyá mi léèrè ìdí rẹ̀ tí obìnrin kì í fi í gbé ojú obìnrin jó. Ó ní, "Ijó ni wọ́n fi ń bẹ̀ wá. Ẹni tí a ń bẹ̀ kì í bá ẹlẹ́bẹ̀ jó." Ìdáhùn náà tẹ́ mi lọ́rùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì tíì jáde nínú mi títí di òní, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dàgbà tí mo ka ìtàn àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin mẹ́ta kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹnikẹ́ni kò fi ijó bẹ̀, tí kò sí igi kan ní gbogbo ìlú ńlá náà tí a gbẹ́ ojú wọn sí lára, mo rí i pé ìbéèrè mi kò tíì tán. Ìtàn àwọn mẹ́ta náà ni mo fẹ́ sọ.

Ní ọdún 1949, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a ń pè ní Julius Táíwò Bayomi Evaristo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Yorùbá ni, ẹ̀jẹ̀ Àgùdà sì ni, nítorí pé baba rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ìran àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì tí wọ́n sì tún padà sí etíkun wa, ìran kan náà tí ó fi ilé olókè aláràbarà kún Èkó, tí ó sì fi mọ́ṣáláṣí tí ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì kún Àjàṣẹ́ tiwa níhìn-ín. Iṣẹ́ jíjó irin pọ̀ ni ó ń ṣe. Ó fẹ́ obìnrin òyìnbó kan tí ó jẹ́ olùkọ́. Àwọn ẹbí obìnrin náà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó náà dúró, ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n sì bí. Ẹkẹrin nínú wọn ni Bernardine, tí a bí ní 1959. Woolwich, ní apá gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n gbé dàgbà, níbi tí àwọn aládùúgbò ti máa ń ju òkò lu fèrèsé ilé wọn nítorí àwọ̀ àwọn tí ń gbé inú rẹ̀. Bàbá náà, tí kò jẹ́ kí òkò kó ẹ̀rù bá òun, padà di ọmọ ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Greenwich.

Ọmọ ọdún 12 ni Bernardine nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí ilé eré àwọn ọ̀dọ́ ní Greenwich, ibẹ̀ sì ni ojú rẹ̀ ti là sí ìtàgé. Láti ibẹ̀ ó wọ ilé ẹ̀kọ́ Rose Bruford, ní ẹ̀ka eré ìtàgé fún àwùjọ, níbi tí ó ti bá Patricia St. Hilaire àti Paulette Randall pàdé, àwọn méjèèjì ọmọ àwọn tí ó ti erékùṣù Karíbíà wá. Wọ́n kọ́ wọn láti má ṣe dúró de ẹni tí yóò fún wọn níṣẹ́ bí kò ṣe kí wọ́n dá iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, ẹ̀kọ́ yìí sì bọ́ sí àkókò, nítorí pé nígbà náà, bí ọmọbìnrin dúdú bá parí ẹ̀kọ́ eré ṣíṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ni wọn yóò fún un ṣe? Nọ́ọ̀sì tí yóò gba ẹnu ọ̀nà kọjá lẹ́ẹ̀kan, ìránṣẹ́bìnrin, aṣẹ́wó. Ìgbà tí ìlú sì gbóná ni: ní oṣù Kìíní 1981, ọ̀dọ́ dúdú 13 jóná mọ́ ibi àríyá ọjọ́ ìbí kan ní New Cross, ní oṣù Kẹrin ọdún kan náà, àwọn ọ̀dọ́ Brixton fìjà pẹẹ́ta pẹ̀lú ọlọ́pàá ní ìgboro. Ẹni tí ó bá wà ní ogún ọdún ó lé díẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, tí awọ ara rẹ̀ sì dúdú, kò sí bí yóò ti ṣe é tí yóò fi dákẹ́.

Ní 1982, ọdún tí wọ́n jáde ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta da ọwọ́ pọ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Theatre of Black Women, ìtàgé àwọn obìnrin dúdú. Irú rẹ̀ kò sí rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tiwọn kéré, àyà tí wọ́n sì fẹ́ fi sọ̀ gbòòrò. Wọ́n ní obìnrin dúdú ni yóò kọ eré náà, obìnrin dúdú ni yóò darí rẹ̀, òun ni yóò ṣe é, ẹni tí yóò tan iná sórí ìtàgé àti ẹni tí yóò to ìtàgé náà pàápàá, bí ó bá ti lè ṣeé ṣe, obìnrin dúdú ni yóò jẹ́. Àwọn kan rí èyí bí ìyapa. Lójú tèmi, kò ju ti ẹni tí ilé rẹ̀ kò ní ẹnu ọ̀nà, tí ó sì gbé àáké láti là á fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí irú eré tí wọ́n ń ṣe, nítorí ibẹ̀ ni adùn ìtàn yìí wà fún ọmọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Eré tí ó gba ìgboro Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà ni èyí tí ó dà bí ilé gidi, àga níhìn-ín, tábìlì lọ́hùn-ún, tọkọtaya ń jiyàn, ẹnì kan ń po tíì. Àwọn obìnrin wọ̀nyí kò fẹ́ ìyẹn. Ewì ni wọ́n fi sọ̀rọ̀; wọ́n fi orin, ijó àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ gbé ọ̀rọ̀; òṣèré kan ṣoṣo a di ìyá, a di ọmọ, a di ọ̀tá, láìpààrọ̀ aṣọ; òkú a sì wá bá alààyè jókòó. Lára àwọn tí ó fún wọn ní ìgboyà ni Ntozake Shange, obìnrin dúdú ará Amẹ́ríkà tí ó gbé ewì àti ijó papọ̀ lórí ìtàgé Broadway ní 1976. Nínú Silhouette, tí Evaristo àti St. Hilaire kọ ní 1983, obìnrin ìsinsìnyí kan, tí ẹ̀jẹ̀ funfun àti dúdú pàdé lára rẹ̀, bá ẹ̀mí ẹrúbìnrin kan pàdé tí ó ti kú ní igba ọdún sẹ́yìn. Pyeyucca tẹ̀lé e ní 1984, ó sì sọ nípa ìyà tí ó ń jẹ obìnrin dúdú tí a ti kọ́ láti kékeré pé òun kò lẹ́wà, àti nípa ọlọ̀tẹ̀ tí ó sùn sínú rẹ̀ tí ó wá jí. Àwọn òyìnbó ní eré àrà ọ̀tọ̀ ni, eré ìdánwò tí a kò rí irú rẹ̀ rí. Bóyá fún wọn. Àwa tí a dàgbà sí ibi tí òkú ti ń wọ aṣọ wá bẹ ilé wò, tí ẹnu kan ṣoṣo sì ń sọ ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú lóru, a ó mọ̀ pé ọ̀nà àtijọ́ ni àwọn ọmọ náà ń tọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó fi hàn wọ́n.

Kì í ṣe àwọn nìkan ni ọwọ́ wọn wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí. Ní 1979 ni àwọn obìnrin tí ó fẹ́ràn obìnrin dá ẹgbẹ́ Siren sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní New York, Peggy Shaw, Lois Weaver àti Deb Margolin dá Split Britches sílẹ̀ ní 1980. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n òyìnbó ni àwọn wọ̀nyẹn. Obìnrin dúdú tí ó bá dé ọ̀dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ fi àwọ̀ rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, bí ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin dúdú tí ń ṣeré, yóò fi jíjẹ́ obìnrin rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Nínú ilé tí àwọn mẹ́ta yìí kọ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti bọ́ sílẹ̀ kí ó tó wọlé.

Owó wọn kò pọ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú Lọ́ńdọ̀nù tí a ń pè ní GLC, tí Ken Livingstone ṣe olórí rẹ̀ láti 1981, gbà pé owó orí tí obìnrin àti aláwọ̀ dúdú ń san náà ni owó ìlú, ó sì ń fi nínú rẹ̀ ran ẹgbẹ́ wọn lọ́wọ́. Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn òṣèré yìí ń kó ẹrù wọn káàkiri láti gbọ̀ngán àdúgbò dé ilé eré kékeré, wọ́n sì ń kó àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin dúdú jọ láti kọ́ wọn bí a ti ń kọ eré àti bí a ti ń ṣe é. Randall tètè bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Evaristo àti St. Hilaire ni wọ́n rọ́jú di ẹgbẹ́ náà mú.

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo. Ní 1986, ẹgbẹ́ náà gbé eré kan jáde ní ilé eré Soho Poly tí ọ̀dọ́bìnrin ẹni ọdún 24 kan kọ, Jackie Kay, ọmọ tí a bí ní Edinburgh fún ìyá ará Skọ́tílándì àti baba ọmọ Ígbò, tí tọkọtaya òyìnbó kan sì gbà tọ́ ní Glasgow. Chiaroscuro ni orúkọ eré náà. Obìnrin mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀, Aisha, Beth, Opal àti Yomi, olúkúlùkù wọn sì ń sọ bí orúkọ rẹ̀ ti ṣe dé orí rẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n bí ilé bá ti tú, bí ọmọ bá jẹ́ ẹni tí a gbà tọ́, tí kò mọ ilé tí ì bá wò, ta ni yóò sọ ọ́ lórúkọ? Ìbéèrè tí Kay fi gún wa lọ́kàn nìyẹn. Beth àti Opal fẹ́ràn ara wọn bí tọkọtaya ti ń fẹ́ràn ara wọn. Yomi, tí ó jẹ́ orúkọ tiwa, ni kò lè gbà á, ẹnu rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ìríra ti jáde. Ó dùn mí pé orúkọ tiwa ni, kò sì yà mí lẹ́nu.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn tí ń ka èyí yóò fa ojú ro níhìn-ín. Èmi kò fà á ro. Evaristo fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú Manifesto, ìwé tí ó jáde ní 2021, pé àwọn obìnrin ni òun fẹ́ràn ní ìgbà èwe òun, ní àwọn ọdún tí ẹgbẹ́ náà fi wà. Kò sí ohun tí wọ́n bèèrè lórí ìtàgé ju ohun tí Ẹ̀fẹ̀ ń bèèrè lọ: kí a jẹ́ kí ohun tí ó wà láàárín ìlú, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ, ní orúkọ. Bí a bá gun alùpùpù láti Adja-Ouèrè tí a sọdá ibodè sí Nàìjíríà, a ti dé ilẹ̀ tí òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún obìnrin méjì tí ó bá ṣe ìgbéyàwó, tí ó sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún irú wọn tàbí tí ó bá wọ inú rẹ̀. Èdè kan náà ni a ń sọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibodè náà. Ọmọ tí ó ní irú ọkàn Beth àti Opal wà níbẹ̀, ó wà níhìn-ín, ọmọ ẹni ni, a kò sì ní bí òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí oṣù Kẹta 1986 parí, ìjọba Margaret Thatcher tú GLC ká. Àwọn àgbà wa ní ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú a kò rẹ́nì kan. Ṣùgbọ́n ti àwọn òṣèré wọ̀nyí kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọn kò sá. Wọ́n tún gbé eré jáde ní 1987, lára wọn ni The Cripple tí Ruth Harris kọ. Nígbà tí ó di 1988, wọ́n gé owó ìrànlọ́wọ́ tí ó kù, ẹgbẹ́ náà sì pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà ni òfin Abala 28 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe ohun tí yóò gbé ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin lárugẹ. Ọdún 2003 ni wọ́n tó pa á rẹ́ ní England àti Wales. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó kọ ìtàn eré ìtàgé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà kò tilẹ̀ mẹ́nu kan orúkọ ẹgbẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n bí ó pẹ́ títí, akólòlò yóò pe baba. Paulette Randall wà lára àwọn tí ó darí ayẹyẹ ìṣíde ìdíje Òlíńpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2012. Jackie Kay di akéwì àgbà fún Skọ́tílándì ní 2016. Ní 2019, nígbà tí Lynette Linton gba ipò olórí ilé eré Bush ní Lọ́ńdọ̀nù, eré tí ó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni Chiaroscuro, Aisha, Beth, Opal àti Yomi sì tún dìde lẹ́yìn ọdún 33. Ọdún yẹn kan náà, ní oṣù Kẹwàá, ni Bernardine Evaristo pín ẹ̀bùn Booker pẹ̀lú Margaret Atwood, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí yóò gbà á, nítorí ìwé rẹ̀ Girl, Woman, Other. Nínú ìwé náà, ẹni tí a kọ́kọ́ bá pàdé ni Amma, obìnrin dúdú tí ó fẹ́ràn obìnrin, tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèré kékeré kan sílẹ̀ ní ìgbà èwe wọn, tí ó sì ń lọ sí ilé eré ńlá ti orílẹ̀-èdè náà ní alẹ́ tí eré rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀. Ìtàn ẹgbẹ́ tí ó kú ní 1988 ni ó tún wọ aṣọ mìíràn jáde.

Orúkọ eré Amma ni The Last Amazon of Dahomey. Ibẹ̀ ni mo gbé ìwé náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí mo jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Amma fi àwọn jagunjagun obìnrin Dàhọ̀mì ṣe àpẹẹrẹ agbára, ó sì ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa ni ọmọ àwọn tí wọ́n ń lé. Ní 1886, ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu, wọ́n jó o, wọ́n sì kó àwọn ará ìlú lẹ́rú lọ sí Àgbómé. Ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí yìí, tí ẹrẹ̀ rẹ̀ máa ń gba ènìyàn dé orúnkún bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ náà ni ó gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa là. Ohun tí ó jẹ́ ìgbéraga fún ọmọbìnrin Lọ́ńdọ̀nù, òun náà ni wọ́n fi ń pa ọmọdé lẹ́nu mọ́ níhìn-ín.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje 2022, ìjọba Benin ṣí aṣọ lójú ère obìnrin jagunjagun kan ní Kútọnu, gíga rẹ̀ 30 mítà, ohun ìjà lọ́wọ́. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ìyá àgbà kan láti ìlú wa, tí àwa méjèèjì jùmọ̀ wọ ọkọ̀ lọ, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn.

"Ọmọ mi, ta ni ẹni yìí?"

"Mino ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyá. Ní èdè Fọ̀n, àwọn ìyá wa ni."

Ó wò ó títí. "Ìyá tiwọn."

Ó bi mí léèrè ẹni tí ó gbẹ́ ère náà, mo sọ fún un pé ọkùnrin ará Ṣáínà kan ni. Bí a ti jókòó sábẹ́ igi tí a ń jẹ àkàrà, mo sọ ìtàn Lọ́ńdọ̀nù náà fún un, Patricia àti Paulette àti ọmọ Táíwò, òkò tí wọ́n jù lu fèrèsé, ewì, ẹ̀mí ẹrúbìnrin tí ó wá bá alààyè jókòó, àti àwọn méjì tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi rárá. Ìgbà tí mo parí ni ó nu epo kúrò ní ìka rẹ̀.

"Àwọn ọmọ yẹn ńkọ́, ta ni ó gbẹ́ igi fún wọn?"

"Àwọn fúnra wọn ni, ìyá."

Ó mi orí, ó sì ní kí n tún un sọ fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀.